Àwòdì Tí Bọ̀dá Solo Ń Darí

Ohun tó ń dun Abdulwaheed jù lọ ni pé àwòdì yẹn gbọ́ràn.

Bọ̀dá Solo tẹ ọ̀pá kékeré ojú rìmóòtù sí òsì, àwòdì yí sí òsì. Ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, àwòdì gbé imú sókè. Bí ẹyẹ náà bá ti ṣe orí kunkun ni, bó bá ti bá tirẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ó ń yípo lójú ọ̀run bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọwọ́ Bọ̀dá Solo, inú ọkùnrin náà sì ń dùn.

"Ó ń gbọ́ mi lẹ́nu lónìí," ló wí.

Abdulwaheed dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹyẹ ni. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, oríṣiríṣi ẹjọ́ la ti gbọ́ níbí. A ti gbọ́ ti ẹni tó gba ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ti gbọ́ ti ẹni tó ta ilé bàbá lẹ́yìn àwọn àbúrò. Èyí tí Abdulwaheed gbé wá bá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Dídákẹ́ ló dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, ó sì ní kí n má pààrọ̀ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí ló dé. Ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ kí n tó gbé kálámù sílẹ̀.

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni Abdulwaheed. Ó ń tún fóònù ṣe, ó sì ní ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Òrùlé ilé yẹn ló mú òun àti Bọ̀dá Solo pàdé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nǹkan funfun kan tó ní apá gígùn já bọ́ sórí páànù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní dírónù ni, àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Abdulwaheed gun òkè lọ gbé e. Fóòmù ni, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi ọparun há a lápá, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí i nínú ikùn.

Ó pe nọ́ńbà náà. Ẹni tó gbé fóònù kò kí i, kò bèèrè orúkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìrù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìrù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀?"

Solomon Oyèwọlé nìyẹn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Mayfair ní Ifẹ̀. Gílàídà ni wọ́n ń pe ohun tó já bọ́: báálù kékeré tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà gígùn ni wọ́n fi ń ta á sókè, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e, ẹni tó dúró nílẹ̀ á máa fi rìmóòtù darí rẹ̀. Bó ṣe dùn mọ́ Abdulwaheed nìyẹn. Kí oṣù náà tó parí, òun náà ti ń gbẹ́ fóòmù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Mojíre, ìyàwó Bọ̀dá Solo, tí wọ́n tún ń pè ní Ìyá Ẹniolúwa, ọmọ Òkèrèwè tí ẹnu rẹ̀ mú, ló sọ báálù náà lórúkọ. "Orogún mi ti tún jáde?" ló máa ń wí bó bá rí ọkọ rẹ̀ tó ń gbé e sínú mọ́tò. Nígbà tó yá, Orogún ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan Bọ̀dá Solo fúnra rẹ̀.

Pápá kan wà lójú ọ̀nà Ẹdẹ, níbi tí ẹnìkan ti fẹ́ kọ́ ilé epo, tó tú ilẹ̀ tán tó sì pa á tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fò ó ní ọ̀sán Sátidé, àwọn bíi mélòó kan, nígbà tí oòrùn bá mú. Bí ilẹ̀ bá gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè, yóò gbé báálù dání. Ojú kì í rí afẹ́fẹ́ yìí. Àwòdì nìkan ló mọ ibi tó wà.

"Má wo báálù rẹ," Bọ̀dá Solo máa ń kọ́ ọ. "Àwòdì ni kí o wò. Ibi tó bá ti ń yípo tí kò ju apá, abẹ́ rẹ̀ ni kí o gbé tìrẹ lọ."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ní Sátidé kan, Abdulwaheed na igò omi sí i láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bọ̀dá Solo kò gbà á. Ó ń wo iwájú bí ẹni pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ gba omi."

Bọ̀dá Solo nawọ́. Ibi tí igò kò sí ló nawọ́ sí.

"Bọ̀dá, kí ló ń ṣe ojú yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. "Gulakómà ni wọ́n pè é nílé ìwòsàn. Kì í dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀ wá sáàárín. Wọ́n fún mi ní oògùn tí màá máa kán sí i. Wọ́n ní kí n má wa mọ́tò mọ́, pé bí mo bá ń padà bọ̀, kí n mú ìyàwó mi dání."

"Kí ni Ìyá Ẹniolúwa wá wí?"

"Kò mọ̀."

"Ẹ ò sọ fún wọn?"

"Wàhéèdì, o mọ obìnrin yẹn. Bó bá gbọ́ lónìí, á ti fi Orogún dáná lọ́la. Ilé ni màá jókòó sí, kí wọ́n máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Jẹ́ kí n jẹ ìwọ̀nba tó kù fún mi. Búra pé o ò ní sọ fún un."

"Kò tó ìbúra, Bọ̀dá. Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Òótọ́ ni, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ojú tó ń fọ́ lọ ni wọ́n ní kí á fi òwe náà bò.

Láti ọjọ́ yẹn, Abdulwaheed di ojú Bọ̀dá Solo. Òun ló ń wa mọ́tò lọ sí pápá, òun ló ń wà á bọ̀. Bí Orogún bá ti gòkè, á dúró sẹ́yìn èjìká ọ̀tún ọkùnrin náà, á gbé ẹnu sún mọ́ ọn létí. "Òsì díẹ̀. Òsì sí i. Ẹ jẹ́ kó lọ. Imú rẹ̀ ń wálẹ̀, ẹ fà á." Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ti òsì ṣì ń rí ààrin nǹkan, bí ẹni tó ń yọjú níhò kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá ti bá a wá ibi tó yẹ kó wò, á rí nǹkan funfun kékeré náà, á sì máa tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní àdéhùn kan. "Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ tún un ṣe," Abdulwaheed wí. "Bí mo bá dákẹ́, ó dáa nìyẹn, ẹ máa bá a lọ."

Ìdákẹ́ rẹ̀ ni Bọ̀dá Solo fi ń mọ̀ pé kò séwu.

Àwọn yòókù kò fura. Abdulrazaq, ẹlẹ́gbẹ́ wọn kan tó ń ṣe fèrèsé, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí lẹ̀yin méjèèjì tún ń bára yín sọ bí ọkọ àti ìyàwó?"

"Ọ̀rọ̀ ìlú ni," Bọ̀dá Solo á dá a lóhùn.

Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ Abdulwaheed. Nílé, Khàdíjàh ìyàwó rẹ̀ ti ṣe gbogbo nǹkan tán kó tó dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá a àfi bí omi ò bá yọ. Nínú pápá yẹn, ọkùnrin àgbà kan wà tí kò lè ṣe ohunkóhun bí kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò fẹ́ kó tán. Ó sọ èyí fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì gbójú sílẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tó ń wá aṣọ ìnujú nínú àpò iwájú mọ́tò, tó bá igò oògùn ojú níbẹ̀, tí ọ̀rá ìdérí rẹ̀ ò tíì já, kò pariwo.

"Bọ̀dá, ẹ ò kán oògùn yìí rárá."

"Ó máa ń ta mí lójú jù. Màá bẹ̀rẹ̀."

Abdulwaheed dá igò padà, ó pa àpò náà dé, ó ṣáná sí mọ́tò.

Mojíre wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan báyìí. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń wo àwọn fóònù tó wà nínú gíláàsì.

"Wàhéèdì, kí ló ń ṣe ọ̀gá rẹ?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Ìyá Ẹniolúwa?"

"Ó da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife lánàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń bá àlejò tó ti jáde sọ̀rọ̀. Bí mo bá bi í, á ní àròjinlẹ̀ ni. Àròjinlẹ̀ kí ni? Ta ló rán an ní àròjinlẹ̀?"

Abdulwaheed rẹ́rìn-ín, kí ojú rẹ̀ má bàa tú u fó. "Àgbà ló ń dé, Ìyá Ẹniolúwa. Kò sí nǹkan míì."

Obìnrin náà wò ó títí. "Ìwọ lo máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí nǹkan kan bá wà, wàá sọ fún mi, àbí?"

"Kí ni ò ní jẹ́ kí n sọ?"

Ó ra ṣájà kan tí kò nílò, ó dìde, ó lọ. Abdulwaheed kò lè gbé irinṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àánú obìnrin náà ṣe é. Ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó ti rí i bó ṣe rọrùn fún òun láti parọ́ fún ẹni tó fọkàn tán òun.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni àwọn tó ń fo gílàídà ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá bá àwọn ará Ifẹ̀ figagbága. Ẹni tí báálù rẹ̀ bá pẹ́ jù lójú ọ̀run ló borí. Inú Bọ̀dá Solo dùn bí ọmọdé. Mojíre ní òun máa se mọ́ínmọ́ín wá fún àlejò.

"Mo fẹ́ mọ ibi tí orogún mi ń gbé," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Abdulwaheed gbìyànjú. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí èmi fò ó lónìí. Ojú ọ̀run funfun, ìkùukùu fẹ́lẹ́ bò ó. Orogún ò ní ṣeé rí dáadáa."

"Ìwọ lo máa rí i," Bọ̀dá Solo fèsì. "Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan wà lára àwọn àlejò, Fákúnlé, tó ga, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ sókè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ bí Orogún ṣe máa ń pẹ́ tó lókè, ó wá bọ Bọ̀dá Solo lọ́wọ́.

"Bàbá, ojú yín mà mú o. Lọ́jọ́ orí yín."

"Ọwọ́ ni, kì í ṣe ojú," Bọ̀dá Solo wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Fákúnlé wá nàka sí Abdulwaheed. "Eléyìí ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ yín ni?"

Abdulwaheed dúró. Kò béèrè ohun tó pọ̀. Kí ọkùnrin yìí ṣáà sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni.

"Wàhéèdì?" Bọ̀dá Solo wí. "Ó ń bá mi gbé báàgì. Ó ṣì ń kọ́ ọ. Kò tíì lè dá a fò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Abdulwaheed náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rín tí òun rín lọ́jọ́ yẹn ṣì ń korò lẹ́nu òun di òní.

Ó yẹ kó mọ̀ pé Bọ̀dá Solo ò lè sọ òótọ́ níwájú àlejò, àgàgà níwájú ìyàwó rẹ̀ tó ń tú kúlà nídìí mọ́tò. Ó yẹ kó mọ̀ pé ẹni tó bá ń bo nǹkan a máa sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀rọ̀ máa ń gún lọ́kàn tó máa ń dúró ro irú ìyẹn?

Wọ́n ta Orogún sókè. Abdulwaheed dúró síbi tó máa ń dúró, ó ń sọ èyí tó máa ń sọ. "Ọ̀tún díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ. Àwòdì kan wà lókè ilé tí wọ́n pa tì yẹn, kò ju apá. Òsì. Ẹ gbé e lọ sábẹ́ rẹ̀." Afẹ́fẹ́ gbé Orogún bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ. Báálù àwọn àlejò ń balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Abdulrazaq náà balẹ̀. Nígbà tó yá, Orogún nìkan ló kù, òun àti àwòdì, tí wọ́n jọ ń yípo.

Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. "Ojú àwòdì lojú bàbá yìí," Fákúnlé tún wí.

Abdulwaheed gbọ́ ọ. Ojú bàbá yìí.

Ìgbà yẹn gan-an ni Orogún àti ẹyẹ kọjá lára ara wọn. Ọ̀kan lọ sí apá ibi tí oòrùn wà, èkejì lọ sí apá ojú títì. Abdulwaheed wo orí Bọ̀dá Solo. Orí náà ń tẹ̀ lé ẹyẹ.

Ó la ẹnu. Kò ju kó sọ pé, "Bọ̀dá, ẹyẹ nìyẹn," kó sì fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ síbi tó yẹ. Ó ti ṣe é rí.

Ó pa ẹnu dé.

Ó ní ìgbà díẹ̀ péré ni òun fẹ́ fi dákẹ́. Ó ní òun kàn fẹ́ kí Orogún lọ já bọ́ sínú igbó lásán, kí Bọ̀dá Solo wá a tì, kó wá mọ̀ pé ẹni tó ń gbé báàgì ni gbogbo nǹkan. Kí ó bi í pé, "Wàhéèdì, ibo ló wà?" níwájú gbogbo wọn. Òun á sì fi hàn án.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Solo ò bèèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dákẹ́, ó dáa nìyẹn, àdéhùn wọn ni. Ó tẹ òsì, ẹyẹ yí sí òsì.

Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Abdulwaheed ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi dákẹ́ tẹ́lẹ̀, àwòdì wá ń bá a ṣe é. Ẹ̀rín ń pa á nínú. Ó fẹ́ rí bí ẹyẹ á ṣe gbọ́ràn pẹ́ tó. Àwọn tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán rí i pé Orogún ń lọ sọ́nà títì, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé Bọ̀dá Solo ń dárà ni.

Gbogbo òsì tí Bọ̀dá Solo ń tẹ̀ fún ẹyẹ, Orogún ló ń jẹ́ ẹ lọ́hùn-ún. Ó yí, ó tún yí, ó kọjú padà sí pápá. Imú rẹ̀ wálẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì tó máa dún. Ó ń sáré bọ̀ wá sí ibi tí wọ́n to mọ́tò sí, níbi tí Mojíre ti bẹ̀rẹ̀ sórí kúlà, tó kẹ́yìn sí wọn.

Abdulwaheed rí i. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn nínú.

"Bọ̀dá, ẹyẹ lẹ ń wò! Ẹ fà á, ẹ fà á!"

"Kí lo wí? Mo rí i. Mo rí i níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ gbé e fún mi."

"Fi ọwọ́ mi sílẹ̀, wàá já a bọ́. Mo ní mo rí i, Wàhéèdì."

Okùn rìmóòtù wà lọ́rùn ọkùnrin náà. Abdulwaheed ń fà á, òun náà ń fà á. Ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára rẹ̀ níbẹ̀. Ohùn tó fi ń gbé báálù yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ó ké e jáde tán, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ò gbà á gbọ́.

Apá Orogún gbá ẹ̀yìn mọ́tò, ó kán. Èyí tó kù ta lu Mojíre léjìká, ó ṣubú sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fóòmù ni, kò ṣe é léṣe ju kó bó o lára díẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó wo ohun tó wà nílẹ̀, ó wo ibi tó ti wá.

Gbogbo wọn ló yíjú sí Bọ̀dá Solo.

Ó ṣì ń wo òkè. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì ń lọ ṣì ń bọ̀ lórí rìmóòtù. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dún? Ti ta ló já bọ́?" ó bèèrè. "Tèmi ṣì wà lókè. Ẹ wò ó."

Abdulrazaq ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lókè lọ́hùn-ún, ó sú àwòdì. Ó ju apá lẹ́ẹ̀kan, ó tún jù ú, ó gba ọ̀nà Ẹdẹ lọ.

Ẹ̀rín kúrò lójú Bọ̀dá Solo díẹ̀díẹ̀. "Wàhéèdì," ó wí ní ohùn kẹ́lẹ́, "ó ń ju apá."

Fóòmù kì í ju apá. Òun ló kọ́ gbogbo wọn.

Mojíre rìn wá. Ìrù Orogún tó kán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lápá ọ̀tún ọkọ rẹ̀. Ó gbé ìrù náà sókè, ó fì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó tún fì í. Bọ̀dá Solo ò ṣẹ́jú. Kò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Obìnrin náà wá dúró níwájú rẹ̀. Oríkì tó jẹ́ pé inú yàrá wọn nìkan ló ti máa ń pè é ló pè é lójú gbogbo ayé.

"Àjàgbé. Láti ìgbà wo?"

Bọ̀dá Solo ń fi ọwọ́ wá okùn ọrùn rẹ̀ kó lè bọ́ ọ, kò rí i bọ́.

Mojíre yíjú sí Abdulwaheed. "O mọ̀."

Abdulwaheed dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pupa. "Ìyá Ẹniolúwa, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Mo jókòó. Mo bi ọ́."

"Ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ ò ní la ojú."

Kò sẹ́ni tó jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ náà.

Abdulwaheed ló fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà, ọmọbìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, yẹ ojú náà wò títí. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Ìwọ̀nba tó kù ni kí wọ́n jọ máa ṣọ́, kò sì lè ṣèlérí pé yóò dúró.

"Bó bá ti ń kán oògùn náà látìgbà tí ẹ ti fún un ńkọ́?" Mojíre bèèrè.

Dókítà wo ilẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa wo iwájú," ló wí. Abdulwaheed wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ó jáde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó sunkún níbẹ̀ láì bo ojú.

Mojíre ló ń kán oògùn náà báyìí, lálaalẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Kò dáná sun Orogún. Ó gbé e sókè àpótí aṣọ, bó ṣe kán náà. Ojú òsì ń kéré sí i síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló kù tó ń rí.

Abdulwaheed ń lọ kí wọn. Obìnrin náà á ṣílẹ̀kùn fún un, á gbé omi fún un, á kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sán kan tí àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó sí fàràńdà, Bọ̀dá Solo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Wàhéèdì, mo ti ń ro ọjọ́ yẹn. Mo bú ọ lójú àlejò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fura ni. Wàá foríjì mí."

"Bọ̀dá, ẹ má bẹ̀ mí."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìyàwó mi ò yé dá ọ lẹ́bi. Mo sọ fún un pé ìwọ náà ò tètè rí i. Ojú ọ̀run funfun. Ẹyẹ àti Orogún kọjá lára ara wọn, ta ni ì bá mọ èyí tó jẹ́ èwo? Ìwọ náà ò rí i, àbí?"

Abdulwaheed la ẹnu. Ó ní òun fi gbogbo agbára òun wá ọ̀rọ̀ náà. Ó dákẹ́.

Bọ̀dá Solo tẹ́tí sí ìdákẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ó mi orí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àdéhùn wọn ló ṣì ń tẹ̀ lé.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Abdulwaheed ti padà sí fàràńdà yẹn láti lọ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ti òjò ló sì máa ń sọ bọ̀. Ìgbà tó rí i pé ẹnu òun ò ní lè gbé e ló wá bá mi.

Ẹ̀yin tí ojú ń ṣe tí ẹ ń bò ó mọ́ra, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹlòmíì tí ẹ ń pè é ní àṣírí ọ̀rẹ́, ẹ gbọ́ tẹnu Abdulwaheed.

Mo ní ẹ máa gbọ́ ìdí tí n kò fi pààrọ̀ orúkọ. Ìdí rẹ̀ ni pé Mojíre máa ń ka ojú ewé yìí sétí ọkọ rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, lákòókò tí wọ́n máa ń lọ sí pápá tẹ́lẹ̀. Ibi tí ẹ kà dé yìí, ibẹ̀ lòun náà kà dé.

Bọ̀dá Solo, Wàhéèdì rí i. Ó mọ̀ pé ẹyẹ ni, ó mọ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọjá lára ara wọn. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́.

Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, ó gbé fóònù síwájú lórí tábìlì. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ pè é láti sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ fún un, torí kò mọ ohun tí ìdákẹ́ yín máa túmọ̀ sí.